Ọwọ́ Òsì Baba Kolomi

Ní Nguru, níbi tí ọ̀nà rélùwéè parí sí,
tí irin wọnú iyanrìn bí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀,
ìyá mi ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́.
Àṣá kan ṣoṣo la mọ̀ nínú èdè wa:
olè tí í máa rà bàbà,
tí a ń lu abọ́ irin lé lọ.

Baba Kolomi rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi orúkọ kan pe ìdílé mẹ́ta."
Ó kà wọ́n fún mi lábẹ́ igi dongoyárò:
èyí tó dé fìlà pupa bí irin tó ti dógùn-ún,
òun ni baba ńlá rẹ̀ fi ń mú àparò àti awó fún ààfin;
kékeré ọlọ́rùn pupa, tó ń sùn lórí àgbọn olódù,
tọkọtaya ni wọ́n ń dọdẹ, ọkọ a lé e, ìyàwó a gbà á;
àti àlejò onírunmú dúdú, tó ń bá ọyẹ́ dé,
tó ń já láti ojú ọ̀run bí òkò.
"Àlejò yẹn, a kì í so ó mọ́lẹ̀ pẹ́. Ó ní ilé."

Abo ló fi ń ṣọdẹ. Akọ kéré, ó ní, ariwo ló pọ̀ níbẹ̀.
Ìyá mi gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dànù nínú garawa rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, Yagana,
fìlà awọ lójú, ṣaworo méjì lẹ́sẹ̀.
Ọwọ́ òsì ló fi ń gbé e, nínú ìbọ̀wọ́ awọ ewúrẹ́
tí èékánná ti ya láti ayé baba rẹ̀.
Mo ní, nílé wa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Ó ní, "Ọ̀tún ń jẹun, ọ̀tún ń kí ènìyàn.
Èwo ló kù tí yóò gbé ẹyẹ?"

"Ṣé torí ó fẹ́ràn yín ló ṣe ń padà?"
Ó wo òkè. "Ẹran ló mọ̀.
Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn tó."

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin dákẹ́, ó gé okùn ẹsẹ̀ rẹ̀.
Yagana yí po lẹ́ẹ̀mẹta lókè ilé wa.
Ìyá mi gbé abọ́ irin jáde,
kò lù ú.
Ìfun adìẹ ló wà nínú rẹ̀.

Lónìí, ní Gwarinpa, mo rí ọ̀kan lórí òpó tẹlifóònù,
onírunmú, ó ń tu ìyẹ́ ẹyẹlé sórí mọ́tò olówó.
Wọ́n ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun.
Èyí mọ̀. Ó wò mí padà.
Kí n tó ronú, ọwọ́ òsì mi ti gòkè,
láìsí awọ, láìsí ẹran,
níwájú báǹkì, lọ́sàn-án gangan.
Máígádì rò pé òun ni mò ń kí.
Ó juwọ́ padà sí mi,
òsì, bí tèmi.