Òwe Kan Wà Nílé Wa

Òwe kan wà nílé wa ní Gbọ̀ǹmí,
kì í jẹun, kì í san owó iná.
Bàbá wa ló mú un wọlé
lọ́jọ́ tí wọ́n dá a dúró nílé iṣẹ́ irin:
“Ikú yá jẹ̀sín.”
Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń kí ará ilé.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Gàníyù, ó ń fi àkàrà jẹ̀kọ,
etí rẹ̀ sì là.

N kò mọ̀ pé òwe máa ń hù.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná (kì í ṣe ibà o),
Gàníyù kì í sùn.
Aago méjì òru ló fi ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn kun ògiri ẹ̀yìnkùlé,
ó kùn ún dé ilé Alájà Sẹ̀líátù tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.
Ó ta jẹnẹrétọ̀, ó tún yáwó lé e,
ó ra páálí ẹja mẹ́ta, ó pín in kárí àdúgbò.
A rẹ́rìn-ín. A ní, “Gàníyù ọlọ́wọ́ ńlá!”
Ọlọ́run dárí jì wá, a jẹ ẹja náà.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ ṣú bá a.
Ọjọ́ mọ́kànlá ló kọjú sógiri,
ìwẹ̀ di iṣẹ́ àṣelàágùn.
Ẹnìkan ní ọ̀lẹ ni.
Olówó ẹja ń kan ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì Bísírátù, ní ọsibítù Àṣùbíàrò,
yọ awò ojú rẹ̀, ó bi mí:
Ta ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ lọ rí nínú ẹbí yín?
Mo ní kò sí.
Ó dákẹ́ dè mí.
Ìgbà náà ni mo rántí Bàbá Kékeré,
tí wọ́n ní ó lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ́dún tí wọ́n bí mi,
tí kò kọ lẹ́tà, tí ẹnikẹ́ni kò wá a lọ.
Àbúrò rẹ ńkọ́, ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí?
Ó ń mutí? Ó pa oògùn tì?
Mo ń dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” títí ó fi korò lẹ́nu mi.
Ó ní: Má ṣọ́ ọ nígbà tó bá dùbúlẹ̀ nìkan.
Ṣọ́ ọ nígbà tí ìbànújẹ́ àti agbára bá pàdé lára rẹ̀,
tó ń sunkún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélẹ̀.
Ṣọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ wa dé,
tí ẹ bá ń sọ pé ó ti yá, ọpẹ́ ni.

Ó ti yá. Ọpẹ́ ni.
Jímọ́ọ̀ kejì tó délé,
Gàníyù bọ́ aago bàbá wa fún ọmọ mi,
ó gbé rédíò fún ẹni tó ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá rélùwéè,
ó fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ká wọn.
Ojú rẹ̀ tòrò bí omi àmù.
Ìyá mi ní, “Ẹ wo bára ṣe tù ú.”
Èmi wo aago lọ́wọ́ ọmọ mi, àyà mi já.

Mo bá a lẹ́bàá kànga, mo jókòó tì í.
Nọ́ọ̀sì ti ní bíbéèrè kì í gbìn ín síni lọ́kàn,
síbẹ̀ ahọ́n mi wúwo bí ọmọ odó.
“Gàníyù, ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ?”

Ewúrẹ́ kan kọjá.
Òmíràn tẹ̀ lé e.

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí mi.”
Ó ní, “Kí ló dé tẹ́ ò tètè béèrè?”

Èmi àti ìyá mi sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lóru yẹn.
Ilẹ̀ mọ́, a gun ọ̀kadà lọ sí Àṣùbíàrò,
òun láàrin, mo fi apá méjèèjì dì í mú.

N kò ní purọ́: oògùn ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n,
ó máa ń bínú,
èmi náà ń ka hóró oògùn bí ẹni ń ka owó olówó.
Ògiri yẹn ṣì pọ́n bí ọsàn.
Ṣùgbọ́n mo ti lé òwe náà jáde.
Mo ní fún ọmọ mi pé bàbá àgbà ṣì í sọ:
ẹ̀sín kì í pẹ́ kó tó rí ilé ẹlòmíì wọ̀.

Lánàá ni Gàníyù gba aago rẹ̀ padà.
Ó ní òun fẹ́ mọ iye tó lù.