Etí Ìdí Máńgòrò

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá l'Óṣogbo nígbà tí Ọ̀ṣúngbèmí dé,
olugbóńgbó kékeré lọ́wọ́ kan, ìlu lọ́wọ́ kejì.
Kò kí ẹnikẹ́ni. Máńgòrò iléèwé ló kọ́kọ́ kí:
kọ́, kọ́, kọ́.
Ó sún díẹ̀, ó tún gbá a:
gbù.
"Ẹ gbọ́ ọ?"
A ò gbọ́ nǹkan kan. Ewé tutù minimini lókè,
ẹ̀gà ń pariwo. Ta ni yóò pe irú igi bẹ́ẹ̀ ní aláìsàn?

Ó kúnlẹ̀ nídìí rẹ̀ bí ẹni tówó rẹ̀ já bọ́.
Olú kan wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ, ó le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà àlòkù;
láti kíláàsì kejì la ti ń jókòó lé e,
à ń pè é ní etí igi.
"Èso lèyí," ó ní. "Inú lọ́hùn-ún ni oko wà."

Ìlu wọlé bí ìgbà tí ọ̀bẹ wọ búrẹ́dì.
Ohun tó bá a jáde funfun,
fọ́nrán-fọ́nrán, bí òwú tí òjò pa.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Èyí ń jẹ àtè, ó ń fi okùn sílẹ̀.
Òmíràn wà tó jẹ́ okùn ló ń jẹ:
igi á pọ́n bí àádùn,
á sán ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ilẹ̀ odò tó gbẹ,
tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rún un, á di ìyẹ̀fun."

Ara mi tutù.
Mo ti rí aláwọ̀ àádùn rí,
nílé ìlagi bàbá mi lẹ́yìn rélùwéè:
pákó àfàrà mẹ́rìndínlógún
tó ń rùn bí inú àmù tí wọn ò fọ̀.
Bàbá mi ní, "Òjò ló rẹ ẹ́."
Ọ̀dà dúdú la fi kùn ún, ẹ̀ẹ̀mejì.
Èmi ni mo di búrọ́ọ̀ṣì mú.
Ìyá Wúlẹ̀mótù l'Ókè-Fíà ló rà á,
kò tilẹ̀ yọ náírà kan nínú iye tá a dá lé e.

Ọ̀ṣúngbèmí fi oòda pupa yí máńgòrò ká.
Tíṣà àgbà bínú, àwọn ọmọ kékeré ń sunkún.
Kò sẹ́ni tó bínú sí mi.

Nírọ̀lẹ́ mo gbé àkàbà lọ s'Ókè-Fíà,
mo ní mo wá wo ibi tí òrùlé ti ń jò.
Mo fi ìka gbá pákó àkọ́kọ́, mo gbé etí lé e.
Ìyá di ẹsẹ̀ àkàbà mú kí n má baà ṣubú.
"Ọmọ mi," ó ké sí mi látìsàlẹ̀,
"kí ló wí?"