Ohun Tí Ọ̀bẹ Kò Gbẹ́

Tíṣà Ọlọ́runtọ́ba ya àwòrán mẹ́ta kúrò lára kàlẹ́ńdà àtijọ́,
ó fi ògì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì.
Japáànù ni, ó ní, láyé ọjọ́sí:
ọkọ̀ ojú irin ń tú èéfín létí òkun,
obìnrin kan gbé agbòòrùn níwájú ilé alájà mẹ́ta,
àtùpà ìgboro ń wo ara rẹ̀ nínú ọ̀gbàrá.
“Òjò yìí, sà, ta ló gbẹ́ ẹ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan?”
Ó rẹ́rìn-ín. Ó na pátákó kan sí mi, àti ọ̀bẹ.
“Kábbà náà ń di ìlú ńlá. Ta ni yóò gbẹ́ tiwa?”

Igi ìdígbó ni, àjẹkù káfíńtà.
Ibi tí ọ̀bẹ bá jẹ ni ìmọ́lẹ̀;
ibi tí mo bá fi sílẹ̀ ni yóò mu yíǹkì.
Kí n tó tan gílóòbù kan ṣoṣo, àfi kí n ṣá igi lọ́gbẹ́.
Mo kọ orúkọ ìlú láti ẹ̀yìn wá síwájú.
Òpó iná wà nígboro nígbà náà, kò ní wáyà;
mo so wáyà fún wọn,
àwòrán mi ríná lọ́dún méjì ṣáájú ìlú.
Mo gbẹ́ tírélà sìmẹ́ńtì tó ń ti Ọbajànà bọ̀
(eruku rẹ̀ le ju ọkọ̀ náà lọ),
mo gbẹ́ Màmá Àbígẹ́ẹ̀lì, tó fi ọ̀rá borí nítorí òjò.
Ilé rẹ̀ ni n kò lè fọwọ́ kàn.

Wọ́n fẹ́ fẹ títì. Ọmọ ìjọba kan dé,
ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí ògiri.
Màmá ní “Òkun o,” ó bu omi fún un.
Ìyẹn nìkan ni mo gbẹ́ sára ilé náà.

Mo tẹ́ bébà lé e, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí rà á.
Òsì di ọ̀tún, orúkọ ìlú wá ṣeé kà,
tírélà tó ń bọ̀ ń lọ.
Àmì yẹn kò yí padà.
Wò ó níwájú, wò ó lẹ́yìn, bákan náà ni.

Títì náà dára, n ò ní purọ́.
Ìyàwó mi ti fi pátákó yìí dé ìkòkò omi rí;
mo gbà á padà.
Fi ìka rẹ tọ́ ọ wò:
gbogbo ibi tí ìlú ti ń tàn, kòtò ni.
Ilé Màmá ló ṣì ga.