Àmì Abẹ́ Ìkòkò

Ìyá Hàwáwù gbé páálí fóònù wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkèlele,
páálí òfìfo, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.
Amọ̀ Dáda ṣì gbẹ mọ́ ọn ní èékánná.
"Wọ́n ti jí i," ó ní, "ní Ìpàtà, níbi tí mo ti ń ka owó ata.
Mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n bi mí ní nọ́ńbà,
mo ka èyí tí gbogbo yín fi ń pè mí.
Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ìyẹn."

Mo ní, Ìyá, aṣọ nìyẹn.
Aṣọ ni síìmù; olè á ti bọ́ ọ sọ sí gọ́tà
kó tó dé afárá odò Àṣà.
Èyí tí wọ́n ń bi yín wà lára fóònù fúnra rẹ̀,
òǹkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé-iṣẹ́ tó bí i ló fi sọ ọ́ lórúkọ,
fóònù méjì ò sì gbọdọ̀ pín in jẹ́.
Ká ní ó wà lọ́wọ́ yín ni, à bá tẹ
sítáà, háàṣì, òdo, ẹẹ́fà, háàṣì:
kò ní gba owó ìpè, kò ní wá nẹ́tíwọọ̀kì,
á jẹ́wọ́ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.
Ti àtijọ́, ẹ yọ bátìrì, ẹ ó bá a lábẹ́.

"Lábẹ́?"
Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.
"Lùkúmọ́nù, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà,
ṣé o ò mọ̀ pé bá a bá to ìkòkò ilé méje jọ,
tá a da koríko bò ó, tá a tiná bọ̀ ọ́,
tí gbogbo rẹ̀ pọ́n bákan náà nígbà tílẹ̀ mọ́,
abẹ́ la fi ń mọ tẹni?
Ìyá mi á fi èékánná fa mẹ́ta, á dábùú ọ̀kan.
Èmi náà ń fà á. Oníbàárà kan ò rí i rí."

Mo yí páálí padà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́,
lábẹ́ àwọn ilà dúdú tó tò bí òwú inú òfì.
Mo kà á síta:
ẹẹ́ta, aárùn-ún, ẹẹ́jọ, ẹẹ́sàn-án, òdo...
Ó ní kí n dúró. Kò mọ̀wé.
Ó yọ àpáàdì kan nínú àpò, ó gba ìṣó lọ́wọ́ mi,
ó ń ha á ní ìdì ìdì, iye ilà fún òǹkà kọ̀ọ̀kan.
Òdo, ó lu ihò sí i.
Nígbà tó kan ẹẹ́sàn-án kejì, ó ṣépè fún àwọn tó ṣe fóònù.

Páálí ló mú lọ fún ọlọ́pàá. Ó fi àpáàdì sílẹ̀.
"Gbé e kọ́. Ọ̀dọ̀ irú yín ni wọ́n máa ń gbé e wá."

Kò mọ ibi tó gún mi dé.
Ọdún tí bàbá mi fi dùbúlẹ̀ ní Jẹ́nẹ́rà,
mo fi bíléèdì họ abẹ́ fóònù mẹ́rin,
ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún méjì.
Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ni ín.

Alẹ́ Jímọ́ọ̀, òjò ń lu páànù,
Tọ́yíbù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé.
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ṣí i. Mo ti gbàgbé páásíwọọ̀dù."
Fóònù náà ti ojú rẹ̀ pa,
ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà lára rẹ̀ tí kì í tì,
ibi ìpè pàjáwìrì.
Ibẹ̀ ni mo gbà. Sítáà. Háàṣì. Òdo. Ẹẹ́fà. Háàṣì.
Òǹkà tú jáde, funfun lórí dúdú.

Mo gbójú sókè sí ara ògiri.
Ilà mẹ́ta. Ilà márùn-ún. Ilà mẹ́jọ.
"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ̀ ń kà?"
Ilà mẹ́sàn-án. Ihò.
Mo ní kó fa àga, kó jókòó.
Ó ku mẹ́wàá.