Ojú Ìwé Kọkànlélógójì

Láti oṣù kẹta ni ìwé mi ti ń sùn lójú ìwé kọkànlélógójì,
rìsíìtì ilé ìpoògùn ni mo fi há a lẹ́nu.
Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ń fẹsẹ̀ la aginjù iyọ̀ kọjá;
ó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, kò tíì ríbi gbé e lé,
torí bí mo bá ti ṣí ìwé báyìí,
Dominga á ti dé, á já a gbà, á bù ú jẹ.
Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́;
tèmi ò mọ̀wé, bisikíìtì ló pè é.

Ní Punta Arenas níbí, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ lásán,
títì ló ń tì wá.
Wọ́n ta okùn sójú pópó kéèyàn lè rí nǹkan dì mú.
Bó bá di oṣù kẹfà, kí aago mẹ́rin tó lù dáadáa,
ilẹ̀ ti ṣú dúdú bí ìdí ìkòkò.
Kí wá la ó ṣe? À ń kàwé. À ń wo fíìmù.
Bẹ́ẹ̀ la ń sọ fáwọn èèyàn.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí:
ìwé kan ṣoṣo là ń kà, ti pẹ́pẹ́yẹ tó sọ bàtà ẹ̀ nù.
Ṣé abẹ́ àga ni? Rárá o.
Ṣé inú ìkòkò ni? Rárá o.
Mo kà á láàárọ̀, Yerko kà á lálẹ́,
Ìyá àgbà Zlata ń kà á láìwo ìwé, níbi tó ti ń bó ànàmọ́,
ó ń fi èdè tí baba ẹ̀ gbé sọdá òkun bù mọ́ ọn,
èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́.
Dominga gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ.
Lálẹ́ ọjọ́ tí mo fo ojú ìwé kan kí n lè tètè sùn,
ó fìka lé mi létè, ó dá mi padà.
Ọmọ ogún oṣù! Adájọ́ ò le tó bẹ́ẹ̀.

Ti fíìmù ńkọ́?
A bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí yìnyín ń já:
wọ́n pa ẹni tó ń tanná fáwọn ọkọ̀ ojú omi.
Ìṣẹ́jú méjìlá, ọmọ ké.
Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, oorun gbé Yerko lọ,
ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wo wákàtí kan àtààbọ̀.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọlọ́pàá nàka,
ó lanu, ó fẹ́ dárúkọ,
Dominga tẹ rìmóòtù.
Obìnrin kan yọ, ó ń gé àlùbọ́sà.
Ká tó padà síbẹ̀, wọ́n ti ká fíìmù náà kúrò.

Títí dòní a ò mẹni tó pa á.
Yerko ní ìyàwó ẹ̀ ni. Mo ní irọ́,
obìnrin tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ọkọ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú?
À ń jà lé e lórí níbi tá a ti ń fọ abọ́,
à ń jà lé e lórí níbùsùn, nínú òkùnkùn,
wúyẹ́wúyẹ́, bí àwọn méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra.
Ó ti pẹ́ tá a ti jọ sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ìlédìí.

Ojú kúkú ń tì mí. Ẹ̀gbọ́n mi Orfelina ní Santiago
ti ka ìwé méjìlá lọ́dún yìí,
ó ń dárúkọ wọn fún mi lórí fóònù bí ẹni ń kawó.
Mo lémi náà ka ọ̀kan. Ó ní, èwo?
Mo ní ara omi ń hó lórí iná.

Lánàá mo bá Dominga níwájú ẹ̀rọ amúlégbóná,
ìwé mi, ìwé aginjù, lórí itan ẹ̀,
ó doríkodò, rìsíìtì ti jábọ́.
Ó ń fìka tọ ìlà lẹ́yìn ìlà,
ó ń kà á fún ẹ̀rọ náà ketekete:
Bàtà dà? Lálá o. Bàtà dà? Lálá o.
N ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.
Mo jókòó tì í. Ìjì ń ti fèrèsé.
Ọkùnrin inú aginjù yẹn, ta ló mọ̀,
bóyá bàtà ló ń wá látọjọ́ yìí.