Bàtà Ìjàpá

Oṣù mẹ́ta péré ni táyà ẹ̀yìn ń lò lábẹ́ mi.
Oṣù mẹ́ta, á pá bí àtàrí àgbàlagbà,
wáyà á yọjú, á máa wò mí.
Kajú ni mò ń kó láti Ìkòyí-Ilé wọ Ogbómọ̀ṣọ́,
àpò mẹ́ta lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú,
ọ̀nà náà kì í sì í dárí ji rọ́bà.

Alùpùpù yìí dàgbà jù mí lọ.
Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ gùn ún kí wọ́n tó lù ú ní gbàǹjo.
Bàbá mi rà á, òun ló fi gbé ìyá mi
lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí wọ́n bí mi.
Ríìmù ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó sì kúrú,
ọ̀kadà òde òní kì í wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ mọ́.
Mo wá a dé Sábó, mo wá a dé Ìlọrin,
àwọn ọlọ́jà ń bi mí léèrè
bóyá ti ayé Nóà ni mò ń wá.

Múkáílà fọkánáísà ló rí ọ̀nà,
Múkáílà tó máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú fáàfù lẹ́nu:
“Ọkọ̀ ìjàpá Tísà Àgbà tó kú sábẹ́ máńgòrò ní Arówómọ́lẹ̀,
ẹ́ńjìnnì ló kú, ẹsẹ̀ ò kú.
Ìwọ̀n kan náà ni. Mo ti fi ìka wọ̀n ọ́n.”

A lọ. Ewúrẹ́ ti bímọ sínú ọkọ̀ náà.
A kò rí ẹ̀là kankan lára táyà;
òjìji igi ti ṣe é lóore.
Opó Tísà gbé àpótí síta, ó ń wò wá bí a ṣe ń tú nọ́ọ̀tù.
Kò gbowó.
Ó ní, “Ẹ máa gbé e lọ.
Ó ti pẹ́ tí ohun kan lára rẹ̀ ti kúrò lójú kan.”

Ìsọ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.
Etí táyà náà le bí etí ọmọ tí kò gbọ́ràn.
Múkáílà fi ọṣẹ pa á létí,
irin méjì, orúnkún kan, èébú mẹ́ta,
ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i: ogún, ọgbọ̀n, ogójì,
gbogbo wa sá sẹ́yìn ògiri, ọmọ iṣẹ́ di etí méjèèjì —
gbàù!
Ẹ̀gbẹ́ kan jókòó.
A dúró.
Èkejì kò dún.
Ó mu omi, ó tún ọṣẹ pa, ó bú táyà náà tìyátìyá,
gbàù!

Ó wọlé. Èékánná ọwọ́ mi ló kù
láàárín òun àti apá irin.
Ṣéènì ń fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́; wáṣà méjì la fi là wọ́n níjà.

Ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kọ́nà.
Lójú ọ̀nà tó tọ́, ó dúró bí àga ṣọ́ọ̀ṣì.
Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún,
á ní òun ò tẹ̀.
Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni Ìjàpá fi ń rìn látijọ́,
ta ni ìbá kọ́ ọ ní ìfìdí-kan-yà?
Èjìká ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́, itan ni mo fi ń tì í,
bí ẹni ń yí aláìsàn tó sanra lórí ibùsùn.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé mi wọ oko ẹ̀gẹ́.

Ọdún kan rèé, ilà ara rẹ̀ ṣì ń hàn.
Bí mo bá kọjá ní Arówómọ́lẹ̀,
opó náà kì í wo ojú mi, ẹ̀yìn mi ló ń wò.
Mo ròyìn ọ̀rọ̀ kọ́nà fún un,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó:
“Òun náà kì í yà fún ẹnikẹ́ni.
Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi tì í.”

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú.
Àpò mẹ́rin ń dúró ní Ìkòyí-Ilé.
Kọ́nà ọ̀nà ibẹ̀ kò pọ̀.
Méjì péré ni.