Àlàfo Tí Iná Ń Gbà

Alùpùpù ìjọba ni mò ń gùn, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó,
àpò aláwọ tí mi ò gbọdọ̀ tú sì wà lẹ́yìn mi.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ìwé
káàkiri ẹsẹ̀ Àpáta Àsó.
Mo mọ gbogbo géètì, mo mọ ajá tó ń gbóòórùn táyà.
Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni mo rò.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú,
eruku bo àpáta náà bí ẹni tó faṣọ borí sùn.
Àwọn aṣòfin gbé àbá òfin ìnáwó lé mi lọ́wọ́,
ó nípọn bí búrẹ́dì Nyanya.
"Mẹ́jàbí, ilé ààrẹ tààrà, má yà síbì kankan."
Mi ò yà.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n ní kí n wá gbà á padà.
Kò fọwọ́ sí i.
Lẹ́tà pélébé kan ni wọ́n so mọ́ ọn,
bí ẹrù ìdána tí ará ilé ìyàwó dá padà
láì bú ẹnikẹ́ni.

Ilé aṣòfin gbiná. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ariwo tábìlì.
Wọ́n ka orí, orí ò pé ìdá méjì nínú mẹ́ta,
ó ku èèyàn mẹ́rin.
Ọ̀kan jáde, ó ń làágùn nínú ọyẹ́:
"Ta ni ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa sọ pé rárá fún wa?"
Mi ò fèsì. Ipò mi kò gba èsì.
Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, nígbà tí wọ́n kọ mínísítà kan,
irú ìbéèrè yẹn gan-an ni mo gbọ́ lọ́hùn-ún:
"Ta ni wọ́n?"

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù.
Adájọ́ Rahilatu fi etí aṣọ dúdú nu gíláàsì rẹ̀,
ó ka ìlà méjì péré,
ìhà méjèèjì sì fajú ro jáde.
Kò ní ọlọ́pàá, kò ní àpò owó.
Ohùn nìkan ló ní,
alùpùpù mi ló sì ń gbé ohùn náà lọ.

Oṣù kejì, owó oṣù kò wọlé.
Ìbíróńkẹ́ pariwo mọ́ mi ní Nyanya:
"Kí ẹnì kan ṣáà pàṣẹ, kó tán!
Ebi kì í dúró de ìdá méjì nínú mẹ́ta."
Mo fẹ́ gbà.
Àfi bí mo ṣe rántí Ìsánlú, nígbà ayé àwọn ológun,
tí ẹnì kan á sọ̀rọ̀ lórí rédíò láàárọ̀,
tí yóò di òfin kí ẹ̀kọ tó tutù.
Wọ́n wá mú àbúrò bàbá mi lóru.
Bàbá mi kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ dáadáa,
ó wọ aṣọ tó mọ́, ó mú un lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú:
kò síbi tí yóò gbé e lọ
tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó mú ọmọ ìyá rẹ̀.

Gáàsì ti tán. Ìyàwó mi ra igi lọ́wọ́ ìyá Gbàgyí kan
tó gbé ẹrù lé èjìká;
wọn kì í ru ẹrù lórí, wọ́n ní ọba ni orí.
Mo rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, mi ò sọ ìdí.
Ó to òkúta mẹ́ta sẹ́yìn ilé.
Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù.
Èyí tí wọn kì í sọ ni pé ààrò kì í fara kanra.
Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, ibo ni igi yóò gbà wọlé?

Ọbẹ̀ náà pẹ́ kó tó jinná. Àwọn ọmọ ti sùn.
A jí wọn.

Láàárọ̀, fóònù dún: ìwé mìíràn ti dé.
Mo tàpá sí alùpùpù náà lẹ́ẹ̀marùn-ún
kó tó dá mi lóhùn.